Pai Tó Kẹ́yìn ní Ẹṣin Arọ

Òjò ọjọ́ náà kò rọ̀ bí òjò;
ó ń bá mi rìn ni, bí ẹni tí a jọ ń lọ.
Máìlì mẹ́fà láàárín pápá àgùntàn,
bàtà mi ti ń dá sọ̀rọ̀, pọ̀ṣọ̀, pọ̀ṣọ̀,
kí n tó rí ẹṣin tí wọ́n kùn sára pátákó,
ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ká sókè, afẹ́fẹ́ ń mì ín jìgìjìgì:
ilé ọtí Ẹṣin Arọ, abúlé Marlock.

Mo tẹrí ba kí n tó wọlé.
Bóyá àwọn tó kọ́ ọ kúrú ni, bóyá wọ́n fẹ́
kí gbogbo àlejò kọ́kọ́ kí ilé.
Iná igi ń jó nínú ògiri,
òrùlé dúdú bí ìdí ìkòkò,
ajá kan na ara sáàárín ilẹ̀ bí onílé.

Doreen ló wà nídìí ọtí, apá rẹ̀ le bí apá alágbẹ̀dẹ.
Ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta,
ọtí gòkè wá láti abẹ́ ilẹ̀,
ó pọ́n bí omi tó gba abẹ́ ewé gbígbẹ kọjá,
kò tutù, kò gbóná,
ó korò díẹ̀, kó tó rántí pé ọkà ni òun tẹ́lẹ̀.
“Kí lẹ ó jẹ?”
“Pai ẹran màlúù.”
“Orí bá yín ṣe é, méjì ló kù.”
Èmi ò mọ̀ pé ẹjọ́ ni mo rà ní pọ́nún mẹ́rìnlá.

Àṣé Ọjọ́bọ̀ ni, àti pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀
pai kan jẹ́ ti Hedley nídìí fèrèsé,
ìkejì jẹ́ ti Clem tó kọ ẹ̀yìn sí i nídìí iná.
Ẹ̀gbọ́n Clem ni ìyàwó Hedley; àna ara wọn ni wọ́n.
Ọdún kọkànlá rèé tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀,
nítorí ọgbà eléwé tí ẹnì kan gé kúrú jù.
Ọgbà ọ̀hún ti hù padà, ó ti ga ju àwọn méjèèjì lọ;
ọ̀rọ̀ ni kò hù.

Bí Hedley bá fẹ́ iyọ̀, Doreen ni yóò sọ fún.
Bí Clem bá fẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn, ajá ni yóò bá wí:
“Bísíkìítì, àwọn kan ò mọ̀ pé òtútù ń mú èèyàn.”
Ajá á gbójú sókè, á wo ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí,
á tún sùn.

Pai mi dé. Èéfín ń yọ lójú ihò orí rẹ̀,
ọbẹ̀ dúdú ṣàn sórí pòtétò, písì ń yí kiri etí àwo.
Mo gé e. Gbogbo ilé dákẹ́.
Ó dùn, mi ò lè purọ́,
ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹran, mo ń jẹ gbèsè.

Doreen gbé èyí tó kù jáde. Ó dúró láàárín wọn,
ó wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ó gbé e ka orí tábìlì tí kì í ṣe ti ẹnì kankan,
fọ́ọ̀kì méjì,
ó padà lọ nu ife tó ti gbẹ tipẹ́.

Ó pẹ́. Igi ta pàrà nínú iná. Òjò ń ka gíláàsì fèrèsé.
Clem kọ́kọ́ dìde, ó ní ooru iná ti pọ̀ jù lẹ́yìn òun.
Hedley náà dìde, ó ní atẹ́gùn ń wọlé lójú fèrèsé.
Ajá ni àwọn méjèèjì sọ fún.
Wọ́n jókòó. Wọ́n gé pai láàárín
bí ẹni ń pín ilẹ̀ baba, ìlà tó tọ́ gbọnrangandan.
Wọ́n ń jẹ ẹ́ láìgbójú sókè,
títí Hedley fi ìka kan ti ìgò mọ́sítáàdì síwájú.
“Ó ta.”
“Mo mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ọdún mọ́kànlá.
Doreen gbàgbé ife lọ́wọ́.

Mo sanwó, mo gbé bàtà tútù mi.
Mo gbàgbé láti tẹrí ba; àtẹ́rígbà rán mi létí.
Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ pa iwájú orí, ohùn kan sọ lẹ́yìn mi,
mi ò mọ ti ta ni:
“Ọgbà yẹn, ká sòótọ́…”
Ilẹ̀kùn padé.
Òjò ti ń dúró dè mí níta. A jọ lọ.